Rábíátù Oníyíǹkì, Ìyá Tó Bí Ìyá Mi

Lọ́jọ́ tí a ṣe fídáù Ìyá Àgbà, álífáà tó wàásù sọ pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, pé wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé wọn. Mo wo ojú ìyá mi, ìyá mi wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin tó jókòó tì wá fi ìborùn bo ẹnu. Kò sí ẹni tó mọ Rábíátù Oníyíǹkì ní Ashanti New Town, ní ìlú Kúmásí, tí yóò pè wọ́n ní obìnrin jẹ́jẹ́. Wọ́n bá oníbàárà jà, wọ́n bá álífáà jà, wọ́n bá ọmọ bíbí inú wọn jà, ìjà ìkẹyìn yẹn kò sì parí títí a fi gbé wọn sínú kòtò. Mo ń kọ èyí nítorí pé òkú tí a bá fi irọ́ sin, ẹlòmíràn la sin.

N kò ní sọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí n kò mọ̀ ọ́n tán. Wọn kò fẹ́ràn kí ènìyàn máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti wá, tàbí ọ̀rọ̀ bàbá àgbà mi, tó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni ọwọ́ wọn. Ọwọ́ náà dúdú ju ojú wọn lọ. Yíǹkì ti wọ abẹ́ èékánná, ó ti wọ ojú ìlà àtẹ́lẹwọ́, ọṣẹ kankan kò sì rí i mú mọ́. Bí a bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, àwọn obìnrin kan kì í jẹ oúnjẹ tí Ìyá Àgbà bá fọwọ́ bù. Ìyá Àgbà mọ̀. Wọn a bu tiwọn, wọn a jókòó síwájú àwọn obìnrin náà gan-an, wọn a sì máa jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi tán. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá kò dùn wọ́n.

"Ọwọ́ tèmi ń sọ ohun tí mo ń ṣe fún gbogbo ayé," ni wọ́n wí. "Tiwọn ńkọ́?"

Iṣẹ́ aṣọ títẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Oníṣòwò aṣọ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn ogun àwọn òyìnbó tó kẹ́yìn, ọkùnrin Fante kan tó ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ òyìnbó ní etíkun wá gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wọn. Ìyá Àgbà wo ọkùnrin náà títí, wọ́n bi í léèrè títí, nígbà tó sì fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n ra gbogbo férémù rẹ̀. A máa ń na sílíìkì mọ́ férémù onígi títí yóò fi le gbandi. A ó fi gọ́ọ̀mù dí ojú sílíìkì náà, àfi ibi tí a bá fẹ́ kí àwòrán ti jáde. A ó gbé férémù lé aṣọ, a ó da yíǹkì sí i, a ó sì fi rọ́bà fà á kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí gọ́ọ̀mù kò bá dí ni yíǹkì yóò gbà kan aṣọ. A tẹ báàjì iléèwé, a tẹ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sí síńgílẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n aṣọ òkú àwọn Asante, èyí tí àwọn ọlọ́fọ̀ ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, ló bọ́ wa jù: aṣọ pupa tàbí aṣọ ràkọ̀ràkọ̀ tí a ó tẹ àmì dúdú sí lára.

Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí aṣọ jáde nílé bí kò bá gbẹ tó. Wọn a rẹ ìka sínú omi, wọn a fi ra igun kan, wọn a wo ìka náà lójú oòrùn. Ọkùnrin kan láti àdúgbò Adum wá gba áńkáṣíìfù ìgbéyàwó rẹ̀ ṣáájú àkókò. Wọ́n ní kó padà. Ó ní òun kò padà. Ó pariwo títí àwọn ará àdúgbò fi yọjú. Ìyá Àgbà mú ọ̀kan nínú áńkáṣíìfù náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ omi, wọ́n sì fi nu apá ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀. Gbogbo àmì tó wà lára áńkáṣíìfù fò sára ṣẹ́ẹ̀tì.

"Aṣọ tí kò tíì gbẹ," ni wọ́n sọ fún un, "irọ́ ni wọ́n kọ sí i."

Wọ́n bá álífáà àdúgbò wa jà lórí ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Àwọn Asante fẹ́ràn ẹyẹ lára aṣọ wọn, álífáà sì wá kìlọ̀ pé ẹni tó bá ya ohun abẹ̀mí, Ọlọ́run yóò ní kó mí ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, tó fi di pé Ìyá Àgbà kì í kírun lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ilé ni wọ́n ti ń kí i. Níkẹyìn wọ́n mú gọ́ọ̀mù, wọ́n sì fi dí ojú gbogbo ẹyẹ tó wà lórí férémù wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ àdúgbò Krofrom ti ń sọ pé afọ́jú ni ẹyẹ Maame Inki, nítorí orúkọ tí àwọn Asante fún wọn nìyẹn. Álífáà ní ìyẹn kò yanjú ọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ lọ sinmi, álífáà. Bí ojú bá wu Ọlọ́run, Ọlọ́run yóò fi sí i."

Kí ẹ má rò pé aláàánú ni wọ́n nílé. Nígbà tí oyún mi àkọ́kọ́ bàjẹ́, wọ́n wá bá mi ní Krofrom níbi tí mo ti ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi. Wọn kò dì mọ́ mi, wọn kò bá mi sunkún. Wọ́n kó àwọn aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ti bà jẹ́, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n sá wọn, wọ́n gbá ilé, wọ́n se ọbẹ̀. Mo ń bínú sí wọn lórí ẹní. Mo ní bóyá wọn kò mọ ohun tó ṣe mí ni. Wọ́n jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì dárúkọ àwọn ọmọ kan tí n kò gbọ́ orúkọ wọn rí: Sáláwù, Àmínátù, Lámídì, àti ọ̀kan tó kú kó tó pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, tí àwọn fúnra wọn sọ lórúkọ ní bòókẹ́lẹ́.

"Gbogbo wọn ni mo sin," ni wọ́n wí. "Wọn kì í tán lára. Dìde, kí o jẹun."

Àwọn tó kù lọ́wọ́ wọn ni ìyá mi, tó jẹ́ àkọ́bí, àti Bùràímọ̀, àbígbẹ̀yìn. Bùràímọ̀ fi díẹ̀ jù mí lọ. Abẹ́ òrùlé kan náà la ti dàgbà, n kò sì pè é ní "ẹ" rí bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò ìyá mi ni. Ó gbọ́ Twi, èdè àwọn Asante, ju Yorùbá lọ. "Me Maame", ìyá mi, ló ń pe Ìyá Àgbà. Òun nìkan ló lè fi ọ̀rọ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n bá ti ń bínú, òun nìkan ni wọ́n sì ń fi ẹran pamọ́ dè nínú ìkòkò. Ìyá mi a máa sọ ọ́ jáde, a ní, "Ìyá, ó jọ pé Bùràímọ̀ nìkan lẹ bí." Ìyá Àgbà kì í jiyàn. Wọn a ní, "Èyí tó bá kù lọ́wọ́ ni ènìyàn ń dì mú."

Mo ti dé ibi tí n kò fẹ́ dé.

Gold Coast kò tíì di Ghana nígbà náà. Òṣèlú ti dá ìjà sílẹ̀ ní Kúmásí, wọ́n ń ju òkò àti ohun abúgbàù sínú ilé ara wọn, àwọn ìsọ̀ ní Adum sì máa ń tì pa láìròtẹ́lẹ̀. Ìsọ̀ tó ń ta yíǹkì gidi fún wa tì, kò sì ṣí mọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohun tí a bá rí. Yíǹkì kan wà tó ń ṣàn bí omi, tó ń yọ́ gba abẹ́ férémù tó sì ń ba etí àwòrán jẹ́. Òmíràn ki, ó ń gbẹ sójú sílíìkì, a ó sì máa fi kẹrosíìnì nù ún títí ọwọ́ yóò fi bó. Òmíràn ní iyanrìn nínú. Ìyá Àgbà a máa sẹ́ ẹ, wọn a tún un sẹ́, wọn a pò ó mọ́ èyí tó dára díẹ̀, wọn a sì máa kùn. Èyí tí wọ́n bẹ̀rù jù ni yíǹkì tó lẹ́wà lójú ṣùgbọ́n tí kì í di aṣọ mú.

Lọ́jọ́ kan Bùràímọ̀ gbé agolo ńlá kan wọlé láti ibùdókọ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo gbé ọmọbìnrin mi wá kí wọ́n ni, kò tíì pẹ́ tí mo bí i. Yíǹkì náà dúdú, ó ń dán. Ìyá Àgbà fi igi rò ó, wọ́n gbé igi náà súnmọ́ imú, wọ́n sì jáde lọ fun imú wọn sílẹ̀.

"Ọwọ́ ta lo ti rà á?"

"Ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀."

"Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara igi kòkó ló wà nínú agolo yìí tẹ́lẹ̀."

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́, Me Maame. Tó bá gbẹ, òórùn yẹn á lọ."

"Wọn kò fọ̀ ọ́. Gbé e lọ jìnnà, kí o gbẹ́ ilẹ̀, kí o rì í mọ́lẹ̀. Má dà á sí gọ́tà, adìẹ ń mu níbẹ̀."

Bùràímọ̀ gbé e jáde. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ló gbé e dé, ó da àpò bò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibà dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀, ibà tó mú kí wọ́n máa pe àwọn òkú lórúkọ. Ìyá mi ń tọ́jú wọn, Bùràímọ̀ nìkan ló kù sí ìsọ̀. Àsìkò náà ni àgbàlagbà kan kú ní agboolé tó kọjú sí tiwa ní Krofrom. Bàbá ìyá Akosua ni. Akosua yìí, ọ̀rẹ́ mi ni. Ọdún kan náà la délé ọkọ, oyún wa sì jọ dàgbà ni, ọmọ tirẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Ó ti gbé ọmọ náà wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní agboolé yẹn, kí wọ́n lè máa bá a wẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé iṣẹ́ aṣọ òkú wá sọ́dọ̀ wa, nítorí iṣẹ́ Maame Inki ni wọ́n gbẹ́kẹ̀lé. Bùràímọ̀ gba iṣẹ́ náà. Ó wá yíǹkì kiri Adum, kò rí. Ó lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀, ó sì ṣí àpò kúrò lórí agolo.

Aṣọ náà lẹ́wà. Èmi fúnra mi yìn ín. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ kí wọ́n tó gbé pósí jáde, àmì ara aṣọ sì ń ṣàn dúdú lórí èjìká àwọn obìnrin, ó ń gba àyà wọn sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan bú wa, àwọn kan fi rẹ́rìn-ín. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún àwọn mìíràn. Akosua pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn nínú aṣọ tútù náà, ọmọ náà sì ń fa etí aṣọ mu bí ọmọ ọwọ́ ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n sin òkú tán, Akosua yọjú sí mi, ó fi ìka nu ètè ọmọ náà, ó sì na ìka sí mi.

"Wò ó, Sàfúrátù," ló wí. "Ọmọ mi ti di oníyíǹkì bí ìyá yín."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gìrì ti mú ọmọ náà, ó sì ti kú.

Bí òkú bá tẹ̀lé òkú nínú ilé kan, àwọn ènìyàn a máa wá ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n rí ni Maame Afua, àbúrò bàbá àgbà tó kú yẹn, arúgbó tí kò bímọ, tí ojú rẹ̀ kan ti funfun. Òun ló ń wẹ ọmọ Akosua láràárọ̀. Wọ́n ní ó ti jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán, ó tún wá fi ọmọ ọwọ́ kún un. Wọ́n fá irun orí rẹ̀, wọ́n da eérú sí i, wọ́n sì mú un jókòó sí àárín agboolé nínú oòrùn. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn á gbé e lọ sí abúlé kan tí wọ́n ti ń mú àjẹ́ jẹ́wọ́. A mọ̀ pé àwọn arúgbó tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ kì í sábà padà.

Mo gbọ́mọ pọ̀n, mo lọ sí Ashanti New Town. Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nínú ibà, wọ́n gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Ìyá mi wà níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ọmọ Akosua ti kú, mo sọ ọ̀rọ̀ Maame Afua. Wọ́n kẹ́dùn. Mo wá ń ròyìn ìsìnkú náà, bí òjò ṣe rọ̀, bí yíǹkì aṣọ ṣe ṣàn sí àwọn obìnrin lára, bí ẹnu ọmọ náà ṣe dúdú. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti gbé orí sókè.

"Ẹnu ta ló dúdú?"

"Ọmọ náà. Ó ń mu etí aṣọ."

"Aṣọ tiwa?"

"Tiwa ni, Ìyá Àgbà."

Wọ́n dìde, wọ́n ń fọwọ́ ti ògiri lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀. Mo gbọ́ ìró àpò. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n pe Bùràímọ̀, ohùn wọn kò sì lọ sókè.

"Agolo yẹn ti ṣófo."

Bùràímọ̀ wo mí, ó wo ìyá mi. "Ẹ wà lórí ẹní, Me Maame. Kò sí yíǹkì ní gbogbo Adum. Àwọn ènìyàn fẹ́ sin òkú wọn."

"Mo ní kí o rì í mọ́lẹ̀."

"Mo mọ̀. Ta ló mọ̀ bóyá yíǹkì ni? Gìrì ń pa ọmọ lójoojúmọ́ ní ìlú yìí."

"Òótọ́ lo sọ," ni Ìyá Àgbà wí. Wọ́n sì mú ìborùn wọn.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ìyá, bí ẹ bá sọ ọ́ fún wọn, wọn á pa Bùràímọ̀."

"Wọ́n ti ń pa ẹlòmíràn lọ́wọ́."

"Ẹlòmíràn yẹn kì í ṣe ọmọ yín."

Ìyá Àgbà wò ó. "Mo mọ àwọn tí mo bí," ni wọ́n wí. "Kúrò lọ́nà."

Mo bá wọn lọ, nítorí wọn kò lè dá rìn. Bí a ṣe wọ agboolé náà, àwọn ọkùnrin jókòó sábẹ́ ibòòji, Maame Afua wà nílẹ̀ ní gbangba, eérú ti bá òógùn ṣàn wọ ojú rẹ̀. Wofa Kwame, ẹ̀gbọ́n ìyá Akosua, tó jẹ́ olórí ilé náà, dìde láti kí wa. Ó rò pé ìbánikẹ́dùn la bá wá.

"Maame Inki, ara rẹ ti yá?"

Ìyá Àgbà kí wọn kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Wọ́n gbé àga wá, Ìyá Àgbà kò jókòó. Wọ́n ní, "Wofa Kwame, aṣọ tí ẹ wọ̀ sin bàbá yín, ìsọ̀ mi ló ti jáde. Oògùn kòkó wà nínú yíǹkì rẹ̀. Ọmọ náà sì mu ún."

Wofa Kwame rọra bi wọ́n pé, "Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ìwọ lo pa ọmọ wa?"

"N kò mọ̀ bóyá yíǹkì ló pa á," ni Ìyá Àgbà wí. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe obìnrin yìí."

"Ta ló tẹ aṣọ náà?"

"Ọmọ mi ni. Èmi ni mo ni ìsọ̀."

Akosua jáde láti inú yàrá. Ó ti gbọ́. Aṣọ òkú náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e wá síwájú Ìyá Àgbà. Kò wò mí rárá. Ó ní, "Maame Inki, fi sẹ́nu."

Mo ní, "Akosua."

Ìyá Àgbà gba aṣọ náà, wọ́n wá etí rẹ̀ rí, wọ́n sì fi sẹ́nu. Wọ́n ń mu ún, ojú wọn kò kúrò lójú Akosua. Dúdú ti kan ètè wọn kí Wofa Kwame tó já a gbà. Ó ká aṣọ náà mọ́ra, ó sì yíjú sí àwọn ọkùnrin abẹ́ ibòòji.

"Ẹ bu omi fún Maame Afua," ló wí. "Ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn."

Kí a tó padà délé, àwọn géńdé ti ṣáájú wa dé ìsọ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ fọ́ gbogbo férémù, wọ́n da yíǹkì sójú ọ̀nà. Ọlọ́pàá ló yọ Bùràímọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì tì í mọ́lé. Nígbà tó yá, wọ́n ní òkú ọmọ ti wọ ilẹ̀, agolo ti ṣófo, kò sí ohun tí àwọn lè tọ́ka sí, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò, Ìyá Àgbà sì ń wò ó láti orí ẹní. Oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló yíjú padà.

"Ẹ ti sin èyí tó kù," ló wí, ó sì lọ. Àwọn kan ní Abidjan ló wà, àwọn kan ní wọ́n rí i ní ìlú Bobo. A kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà Yorùbá ìlú wa pe Ìyá Àgbà. Inú bí àwọn àgbà náà gidigidi. Wọ́n ní àlejò ni wá ní ilẹ̀ yìí, pé ìgbà tí ìlú ń gbóná ni Ìyá Àgbà wá fi orúkọ gbogbo wa lé àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́, pé obìnrin wo ló ń fa ọmọ rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ó yẹ kí Ìyá Àgbà ti sọ pé àwọn fúnra wọn ló tẹ aṣọ náà.

"Gbogbo Krofrom mọ̀ pé ibà dá mi dùbúlẹ̀," ni Ìyá Àgbà dá wọn lóhùn. "Bí mo bá purọ́ níbi kan, wọn á ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ní àlejò ni wá. Maame Afua kì í ṣe àlejò, wọ́n sì fá orí rẹ̀."

Àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ kí n sọ pé Maame Afua wá dúpẹ́. Ó wá lóòótọ́, lẹ́ẹ̀kan. Irun funfun ti ń hù padà lórí rẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí, ó mu omi tí mo gbé fún un. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó ń gbé ọmọ fún un mọ́, bó bá sì wọ ọjà, àwọn obìnrin a máa fa ọmọ wọn mọ́ra. Ó sọ gbogbo èyí láìgbé ohùn sókè. Ó wá ní, "Kí wọ́n tó fá orí mi ló yẹ kí o ti dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Àgbà wí.

Akosua kò kí mi mọ́. Bó bá rí ọmọbìnrin mi lójú pópó, a máa sọdá sí òdìkejì. Ọmọ mi kò mọ ìdí rẹ̀, n kò sì tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún un.

Ìyá Àgbà kò tẹ aṣọ mọ́. Wọ́n ń ta iyọ̀ àti ata gígún lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ènìyàn díẹ̀ ló sì ń rà á. Ìyá mi ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń fọ aṣọ wọn, kì í sì í bá wọn sọ ju ohun tó yẹ lọ. Lọ́jọ́ tí Gold Coast di Ghana, gbogbo àdúgbò ń jó, Ìyá Àgbà ti ilẹ̀kùn, wọ́n kírun, wọ́n sùn. Àìsàn tó pa wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọyẹ́, ikọ́ ni, ó sì mú wọn pẹ́. Èmi ni mo ń sùn tì wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ikọ́ náà dáwọ́ dúró díẹ̀. Mo ń fi òrí pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè tó ti ń gbé inú mi láti ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ká ní ẹ mọ̀ pé Bùràímọ̀ kò ní padà mọ́, ṣé ẹ máa lọ sí agboolé náà?"

Wọ́n di ojú wọn. Mo rò pé wọ́n ti sùn.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ kí n tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọmọ mi ni, mo mọ ọkàn rẹ̀."

Wọ́n wá ní kí n ran àwọn lọ́wọ́, kí àwọn lè kọjú sí ògiri.